Àwọn Òkúta Stonehenge

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà A303 láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò rí wọn lápá ọ̀tún: òkúta ràbàtà-ràbàtà tí ó dúró yípo lórí pápá. A yà síbẹ̀ nígbà tí à ń lọ. Okùn ni wọ́n ta sí i. Ojú nìkan ni a fi ń wò ó.

Àwọn onímọ̀ sọ pé ní nǹkan bí ọdún 3000 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà ni wọ́n gbẹ́ yàrà yí ibẹ̀ ká, tí wọ́n sì ń sin eérú òkú tí wọ́n ti sun síbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2500 ṣáájú ìbí rẹ̀ ni wọ́n gbé àwọn òkúta ńlá dúró. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 25. Àwọn kéékèèké wá láti òkè Preseli ní ilẹ̀ Wales, ó lé ní kìlómítà 200. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni òkúta kan tí ó dùbúlẹ̀ láàárín: ní ọdún 2024, àyẹ̀wò fi hàn pé àríwá ìlà-oòrùn Scotland ni ó ti wá, ó kéré tán kìlómítà 700! Wọn kò ní irin. Òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ òkúta, tí wọ́n sì ki orí ọ̀kan bọ inú èkejì bí káfíńtà ti í ṣe pákó.

Ní nǹkan bí ọdún 1136, Geoffrey ará Monmouth kọ ọ́ pé Merlin aríran ni ó gbé wọn wá láti Ireland. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí a bá ti rí iṣẹ́ ńlá, a ó ní àlùjànnú ni. N kò fara mọ́ ọn. Ọgbọ́n tí Ọlọ́hun fún ọmọ ènìyàn, okùn, igi àti ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó o ṣe.

Wọ́n kọ ojú òkúta náà sí ibi tí oòrùn ti ń yọ ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kẹfà. Títí di òní, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń lọ dúró dè é níbẹ̀. Àwa Mùsùlùmí náà ń fi oòrùn mọ àkókò ìrun, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó bá ń yọ gan-an ni wọ́n kọ̀ fún wa láti kírun, kí a má baà jọ àwọn tí ń forí balẹ̀ fún un.

Ọmọ kan nínú wa bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni wíwá síbẹ̀. Mo ní Kùráánì Alápọ̀n-ọ́nlé ni ó rán wa láti rin ilẹ̀ ká, kí a wo ipa àwọn ará ìṣáájú. Wíwò kì í ṣe ìsìn. Ó tún bi mí pé kí ni orúkọ Ọlọ́hun ní èdè wọn. Wọn kò kọ ìwé kankan sílẹ̀, n kò sì rí èsì fún un. A kí ìrun Alásàrí níbi ìgbọ́kọ̀sí, a sì bá ọ̀nà wa lọ.