Orúkọ Àwọn Sójà Tó Kú Lẹ́nu Ìṣọ́

Ọ̀dọ́: Bàbá, Alibori ní àríwá Benin, tí wọ́n ti ń pa sójà, jìnnà sí wa. Kí ló kan àwa ará Adja-Ouèrè níbẹ̀?

Bàbá: Ó kàn wá, ọmọ mi. Láti 2022 ni ìjọba Benin ti kó nǹkan bí 3,000 sójà lọ ṣọ́ ààlà àríwá, iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Mirador. Sójà kì í yan ibi tí wọ́n máa rán an. Ọmọ Ikpinlè tàbí ọmọ Massè ní kọ́múnù wa níbí lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn agbésùnmọ̀mí kọlù àwọn sójà náà lágbègbè ọgbà ẹranko W. Òkú 8 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde. Kò pẹ́, ìjọba ní 54 ni. Iye lásán ò lè dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Orúkọ ló yẹ ká fi máa rántí wọn, nílùú tí wọ́n ti wá gan-an.

Ọ̀dọ́: Ṣebí àwọn Ọ̀họ̀rí tó múlé tì wá gbógun ti Faransé ní 1914, torí wọ́n ń fipá kó ọmọ wọn lọ sójú ogun? Ṣé ó wá yẹ ká máa yin iṣẹ́ sójà?

Bàbá: Wọn ò jẹ̀bi. Ogun àjèjì ni, tipátipá sì ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wọ Nàìjíríà nígbà náà. Àwọn tí ń ṣọ́ Alibori lónìí, ilẹ̀ tiwa ni wọ́n ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí Faransé kó lọ pàápàá, a jẹ wọ́n ní ìrántí. Wo Thiaroye ní Senegal: lọ́jọ́ 1 oṣù kejìlá 1944, sójà Faransé yìnbọn fún àwọn ọmọ Áfíríkà tó jagun fún Faransé, tí wọ́n ń béèrè owó wọn. Faransé ní 35 ló kú, ó tún wá sọ pé 70, àwọn òpìtàn kan sì ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àríyànjiyàn yẹn ò tíì parí, torí pé kò sẹ́ni tó kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ lásìkò.

Ọ̀dọ́: Kútọnú ṣáà ní gbàgede ìrántí fún àwọn tí ọmọ ogun àgbàṣe tí Bob Denard kó wá láti òkèèrè pa ní 1977. Bí a bá sì ń kéde orúkọ, ṣé kò ní tú àṣírí?

Bàbá: Gbàgede Kútọnú dára, àmọ́ mélòó nínú àwọn ìyá oko wa ló lè débẹ̀? Ní ti àṣírí, ibi tí àwọn alààyè wà ni ká pamọ́. Ẹni tó ti kú ò ní ibùdó tí ọ̀tá lè wá mọ̀ mọ́. Bí ìdílé kan bá ní àwọn ò fẹ́, ká fi tiwọn sílẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ kọ́múnù wa ṣí ìwé kan, kí wọ́n béèrè láti ilé dé ilé, kí wọ́n kọ orúkọ, ìdílé àti ọdún, kí àwọn tó rántí wọn tó kú tán.