Oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì fún aboyún àti ìyá ọlọ́mọ: èyí tí a ń fi sí ojú ibẹ̀ àti èyí tí a ń gbé mì

Ọ̀pọ̀ aboyún ni ojú ara máa ń yún, tí omi funfun tó ki bíi wàrà tó ti dì á sì máa jáde. Àwọn ènìyàn wa a máa pè é ní toilet infection, wọn a sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ilé ìgbẹ̀ tàbí ọkọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹjọ́ lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ candida ló wà nídìí rẹ̀. Ó ti ń gbé lára obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àyípadà tí oyún mú wá ló fún un láyè láti pọ̀ sí i.

Oògùn tí a fi ń tọ́jú rẹ̀ ló yẹ ká ṣọ́ra fún. Obìnrin á rán ọmọ lọ sí kẹ́mísì, wọ́n á fi kápúsù kan ránṣẹ́, kò sì ní sẹ́ni tó béèrè bóyá ẹni tó fẹ́ lò ó lóyún.

Èyí tí a ń fi sí ojú ibẹ̀ gan-an, bíi clotrimazole, miconazole àti nystatin, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń kọ ọ́ fún aboyún. Alaalẹ́ fún ọjọ́ méje ni. Ẹ má dá a dúró nítorí pé yíyún náà ti lọ ní ọjọ́ kẹta. Bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti oògùn wọlé bá wà nínú páálí, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí ẹ tó lò ó. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń ní kí aboyún fọ ọwọ́ dáadáa, kó fi ìka rẹ̀ fi í sí i. Nínú Ramadan, ẹ lè lò ó lẹ́yìn ìṣínu, kò ní kan ààwẹ̀ yín.

Fluconazole ni kápúsù tí mo ń sọ. 150 mg lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń gbé mì. Ní 2011, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé bí aboyún bá ń lo 400 sí 800 mg lójúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè fa àbùkù ara fún ọmọ. Ní 2016, ìwádìí kan láti Denmark fi hàn pé oyún ń bàjẹ́ lára àwọn tó gbé e mì ju ti àwọn tí kò lò ó lọ, kódà bí ìwọ̀n rẹ̀ bá kéré. Ẹni tó ti gbé ẹyọ kan mì kó tó mọ̀ pé òun lóyún, kó má bẹ̀rù jù, kó má sì ronú àtiṣẹ́ oyún. Ọ̀pọ̀ jùlọ irú oyún bẹ́ẹ̀ ló ń yọrí sí ire. Kó ṣáà sọ fún wọn níbi ìtọ́jú aboyún.

Griseofulvin, oògùn làpálàpá tí a ń gbé mì, ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kò yẹ kí aboyún fọwọ́ kàn án rárá. Obìnrin tó lò ó gbọ́dọ̀ dúró oṣù kan kó tó lóyún. Ọkọ tó lò ó gbọ́dọ̀ dúró oṣù mẹ́fà kó tó fún ìyàwó lóyún. Ọ̀pọ̀ ọkọ ni kò gbọ́ èyí rí. Ìpara clotrimazole tó fún làpálàpá ara aboyún, àmọ́ ẹ wo ara páálí rẹ̀. Èyí tó bá ní betamethasone tàbí clobetasol nínú, steroid ti wà níbẹ̀ (òun náà làwọn kan fi ń bóra), bí aboyún bá sì ń fi steroid tó lágbára para lọ́pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọmọ lè kéré nígbà ìbí.

Ti ìyá ọlọ́mọ rọrùn díẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni Al-Qur'an dárúkọ fún ìyá tó bá fẹ́ fún ọmọ lọ́mú pé, kò sì yẹ kí yíyún gé e kúrú. Clotrimazole àti nystatin kò dí ọmú lọ́wọ́. Fluconazole ń gba inú wàrà ọmú kọjá, ṣùgbọ́n èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ kéré sí ìwọ̀n tí dókítà fúnra rẹ̀ ń fún ọmọ ọwọ́ tó nílò rẹ̀; ẹyọ 150 mg kan kò ní kí ẹ já ọmọ lẹ́nu ọmú. Griseofulvin, terbinafine àti ketoconazole oníhóró ni kí ẹ yẹra fún.

Bí ẹnu ọmọ bá ní funfun tí kò ṣeé nù kúrò, tí orí ọmú ìyá sì ń ta á, àwọn méjèèjì ni kí wọ́n tọ́jú pa pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á máa kó o ran ara wọn. Nystatin olómi ni wọ́n sábà ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Miconazole tó dà bíi jẹ́ẹ̀lì kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin, torí ó lè há a lọ́fun. Ìpara tó bá wà lórí ọmú, ẹ rọra nù ún kí ọmọ tó mu.

Bí yíyún bá tún padà lẹ́yìn ọjọ́ méje, tí omi náà bá ń rùn, tàbí tí ibà bá wà, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò, kó sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò pẹ̀lú, nítorí candida fẹ́ràn ara tí ṣúgà bá ti pọ̀.