Àfọ́kù Ọkọ̀ Òfuurufú: Owó Gọbọi Lórí Irin Tí Kò Lẹ́rìí
Ohun tó gba ìfura ni àfọ́kù ọkọ̀ òfuurufú ogun tí wọ́n ń tà lówó gọbọi ní gbàǹjo orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Spitfire tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ja Ogun Àgbáyé Kejì lé ní 20,000. Àjákù irin rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Orúkọ akọni awakọ̀ tí òǹtajà so mọ́ ọn ló ń sọ ọ́ di olówó ńlá, bẹ́ẹ̀ irin kì í sọ ẹni tó wà á. Kí òǹrajà béèrè nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ibi tó já sí, àti ìwé àṣẹ ẹni tó hú u. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1986 ka híhú irú àfọ́kù bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Sàréè awakọ̀ lè ni ibẹ̀.