Bí ẹja òkun ṣe rìn dé Amuro

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ wá gbọ́ nǹkan. Mọ́tò àkọ́kọ́ tí mo ní láyé, agolo sàdíìnì ni. Mo lu ihò sí i, mo ki igi bọ̀ ọ́, mo gé sálúbàtà tó ti já fi ṣe táyà, mo so okùn mọ́ ọn, mo ń wọ́ ọ kiri Amuro. Ọ̀pọ̀ yín náà ṣe é, ẹ má purọ́ 😂

2/ Ohun tí n kò bi ẹnikẹ́ni nígbà yẹn nìyí: báwo ni ẹja inú agolo yẹn ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Mopa-Muro ni wá, Ìpínlẹ̀ Kogi. "Okun" la fi ń kí ara wa, àmọ́ òkun gan-an jìnnà sí wa ju 200 kìlómítà lọ.

3/ Mọ̀lẹ́bí ṣàwá ni sàdíìnì. Ó kéré, agbo ńlá ló sì máa ń rìn. Ọ̀rá pọ̀ lára rẹ̀, torí náà kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e jìnnà, àfi kó kọ́kọ́ bá ìjẹrà jà.

4/ Èéfín ni àwọn ìyá etí òkun fi ń jà. Títí dòní, àwọn Ìlàjẹ ṣì ń yan ṣàwá àti agbọ́dọ̀ kó lè dé ọjà òkè.

5/ Agolo ló tẹ̀ lé e. Ní 1810, Nicolas Appert ní ilẹ̀ Faransé tẹ ìwé jáde: di oúnjẹ sínú ìgò, dé e pinpin, sè é, kò ní bàjẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí o! Ó tó nǹkan bí 50 ọdún kí Louis Pasteur tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kòkòrò àìfojúrí. Ọdún 1810 náà ni Peter Durand gba ìwé àṣẹ fún agolo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí 1824, Joseph Colin ti ń di sàdíìnì olóròóró sínú agolo ní Nantes.

6/ Lónìí, Mòrókò ló ń ta sàdíìnì inú agolo sókè òkun jù láyé. Ibẹ̀ ni Titus ti ń wá. (Ẹja "Titus" inú yìnyín kì í ṣe sàdíìnì o, kì í tilẹ̀ ṣe mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Orúkọ lásán ló yá 😅)

7/ Yìnyín ló ṣe ìkẹta. Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà ń pe ẹja yìnyín? Òkú Èkó! Ìtàn wà nínú orúkọ yẹn: ó ti kú kó tó dé, Èkó ló sì gbà wọlé.

8/ Wàyí o, òkun ò kún bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní Gánà, wọ́n pa ṣàwá jaburata ní 1972; nígbà tó di 1973, ó wọ́n bí ojú. Ní 2019, ìjọba wọn ní kí ọkọ̀ apẹja kéékèèké sinmi fún oṣù kan. Ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Mauritania, wọ́n ń lọ ọ̀pọ̀ irú ẹja yìí fi ṣe oúnjẹ ẹja ọ̀sìn. Ẹja tí mẹ̀kúnnù ì bá jẹ o!

9/ Bó bá tán lọ́hùn-ún, ìkòkò Amuro ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, agolo kan ṣoṣo ni ìyá mi àgbà fi se ọbẹ̀ fún ènìyàn márùn-ún. Ó ní kí n má da òróró rẹ̀ nù. Mo fẹ́ ju agolo náà nù, àṣé ọmọdékùnrin kan ti dúró lẹ́yìn mi, ó na ọwọ́.

Mo fún un. Mo bá a wá sálúbàtà.