Epo, Iná àti Àkókò: Ìtàn Ẹ́ńjìnnì Kékeré ní Lẹkki àti Ajah

Ní èbúté Badore, lẹ́bàá Ajah, ìró ẹ́ńjìnnì ni àwọn tí ń sọdá sí ìhà Ìkòròdú máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Mọ́tò tí ó bá kú lórí títì, títì ni a óò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú láàárín ọ̀sà, ìgbì àti afẹ́fẹ́ ni yóò máa darí rẹ̀. Ìdí nìyí tí títún epo àti iná ẹ́ńjìnnì tò fi jẹ́ ọ̀ràn ẹ̀mí ní agbègbè yìí, níbi tí ọ̀sà wà ní apá kan, tí òkun sì wà ní apá kejì.

Ìmọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọdún 1893, Wilhelm Maybach ṣe kábúrẹ́tọ̀ tí ń fọ́n epo sínú afẹ́fẹ́ ní Jámánì. Ní 1902, Gottlob Honold, tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Robert Bosch, gbé ẹ̀rọ tí ń fi púlọ́ọ̀gì ta iná alágbára jáde. Ní 1909, Ole Evinrude, ọmọ Norway tí ó fi Amẹ́ríkà ṣe ilé, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́ńjìnnì tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ dé ọ̀sà Èkó, ọ̀pọ̀ apẹja tí ń fi àjẹ̀ àti ọ̀pá tukọ̀ ṣíwọ́ làálàá. Nígbà tí ó yá, ìbátan rẹ̀ dé orí ilẹ̀: jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ará ìlú sọ ní “I better pass my neighbour”.

Irú ẹ́ńjìnnì “two-stroke” yìí kò ní ibi ìpamọ́ ọ́ìlì tirẹ̀. Inú epo ni a ti ń po ọ́ìlì, nínú ọ̀pọ̀ wọn lítà 1 sí lítà 50. Nítorí náà, bí epo bá dín kù, ọ́ìlì náà dín kù. Iná púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ta díẹ̀ kí písítìnnì tó dé òkè, nítorí pé iná náà nílò àkókò kí ó tó ràn tán. Bí ó bá yá jù, ẹ́ńjìnnì yóò máa kàn gbàgbà. Bí ó bá pẹ́ jù, agbára rẹ̀ yóò dín kù, ooru yóò sì pọ̀ sí i. Mẹkáníìkì a yọ púlọ́ọ̀gì, a wo àwọ̀ rẹ̀: bí ó bá dúdú tí ó sì kún fún èédú, epo pọ̀ jù, bí ó bá funfun, epo kéré jù, bí ó bá pọ́n bí èèpo igi, ọ̀nà já.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ mẹkáníìkì kò tó ohun gbogbo. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 2022, àjọ NMDPRA tí ń mójú tó epo kéde pé epo bẹntiróò tí methanol inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n ti wọ Nàìjíríà. Afẹ́fẹ́ tí methanol ń fẹ́ láti jó kò tó ìdajì èyí tí epo bẹntiróò ń fẹ́. Ihò kábúrẹ́tọ̀ tí a ti wọ̀n fún epo bẹntiróò kò mọ̀ pé ohun tí ń gba inú òun kọjá ti yí padà. Ńṣe ni iná inú rẹ̀ ń jó bí ẹni pé epo kò tó. Methanol tún máa ń fa omi mọ́ra, ó sì máa ń jẹ rọ́bà. Ẹni tí ó tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tò dáadáa náà kò bọ́ nínú rẹ̀, nítorí láti orísun ni omi náà ti rú.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo, owó lítà kan sì fò sókè. Ìdánwò tuntun dé: kí a fún ihò epo pa kí owó má baà lọ púpọ̀. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí “two-stroke” ti fi ọ́ìlì du ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pẹ̀lú. Epo tí ó rò pé òun jèrè lónìí ni yóò fi ra písítìnnì lọ́la, bí kò bá jẹ́ pé ojú ọ̀sà ni ó ti san gbèsè náà.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kò ṣòro. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni kí iná ta lásìkò. Iṣẹ́ ìjọba ni kí epo jẹ́ epo. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.