LẸ́SÌNNÌ ÌSINMI ỌLỌ́JỌ́ GÍGÙN NÍ WARRI: BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀ ÀTI BÍ Ó ṢE DI DANDAN

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n kọ ìtàn díẹ̀ nípa lẹ́sìnnì tí àwọn ọmọ wa ń lọ nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn láti múra sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ Yunifásítì. Ìdí tí iṣẹ́ náà fi kàn mí kò farasin. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ìlú yìí láti ọdún 1980 títí mo fi fẹ̀yìn tì ní 2013, mo sì ti gba owó lẹ́sìnnì lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Ìpàdé wa tó ń bọ̀ ni yóò pinnu bóyá kí a fi owó ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ ṣí lẹ́sìnnì tiwa nínú gbọ̀ngán, tàbí kí a máa pín in fún àwọn òbí bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí a mọ ibi tí nǹkan yìí ti wá kí a tó na ọwọ́ sókè.

Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, kò sí ẹni tó ń jẹ́ olùkọ́ lẹ́sìnnì. Ẹni tó bá ka ìwé mẹ́wàá yege, tó sì fẹ́ lọ sí Yunifásítì, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Èkíní ni pé kí ó jókòó ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé tí Yunifásítì fúnra rẹ̀ ṣètò. Èkejì ni pé kí ó lọ ka Higher School fún ọdún méjì. Agbègbè wa níhìn-ín kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ilé-ìwé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba tí ó wà ní Ughelli lónìí, Warri gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1945. Hussey College tẹ̀ lé e ní 1947. Ní 1966 ìjọba àpapọ̀ dá Federal Government College sílẹ̀ ní Warri, ní ọdún kan náà tí wọ́n dá ti Sókótó àti ti Okposi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Higher School, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ mẹ́ta péré ni ọmọ ń kà níbẹ̀, nígbà mìíràn mẹ́rin. Kíláàsì kéré. Olùkọ́ tó ní dìgírì ni ó ń kọ́ni. Ọmọ a máa fi ọdún méjì gbáko jìjàkadì pẹ̀lú ohun kan náà títí yóò fi yé e, bó bá sì wọ Yunifásítì, ọdún mẹ́ta ni yóò fi gba dìgírì dípò mẹ́rin. Ìmúrasílẹ̀ fún Yunifásítì wà nínú ilé-ìwé fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ta á lẹ́yìnkùlé.

Àwọn tí kò rí àyè níbẹ̀ ń fi àtùpà kàwé. Ìwé láti ìlú Òyìnbó ni wọ́n ń gbà, irú ti Rapid Results College, tí wọ́n ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ nínú lẹ́tà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba dìgírì ìṣòwò ti Yunifásítì London ní 1944 láìkúrò ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ní Warri ni ó ka ìwé lọ́nà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ṣòro, ṣùgbọ́n kò ná wọn ju owó ìwé àti owó sítáǹbù lọ.

Ọdún 1978 ni nǹkan yí padà. Ṣáájú ìgbà náà, Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń ṣe ìdánwò tirẹ̀, ọmọ kan lè gba àyè ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Èkó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹlòmíràn má rí ẹyọ kan gbà. Yunifásítì sì ti di 13 nígbà náà. Ìjọba wá dá JAMB sílẹ̀ kí ìdánwò kan ṣoṣo lè wà fún gbogbo wọn: iṣẹ́ mẹ́rin, máàkì 400. Èrò náà dára. Ọdún yẹn kan náà ni ilé ìfọpo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Warri, ilé-iṣẹ́ irin Aladja sì tẹ̀ lé e ní 1982. Iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó kó púpọ̀ nínú àwọn ìdílé wa dé ìlú yìí.

Ní 1979, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ambrose Alli di gómìnà Bendel, ó sì sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Ilé-ìwé ń hù káàkiri bí olú. Wọ́n ń wá olùkọ́ lójú méjèèjì, ìyẹn ló gbé èmi náà wá láti Òǹdó. Kíláàsì àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi kò ní fèrèsé, ọmọ inú rẹ̀ sì lé ní 60. Pátákó ìkọ̀wé wa, èédú inú bátìrì ògbólógbòó ni a fi kùn ún dúdú. N kò bá Alli jà lórí èyí. Ọmọ tí ì bá máa kiri ọjà ni ó jókòó síwájú mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọmọ 60 níwájú kò lè mọ èyí tí ìṣirò ìdá kò tíì yé.

Lẹ́yìn náà ni ètò 6-3-3-4 dé ní 1982. Àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ gbà á kọjá ṣe ìdánwò àṣejáde wọn ní 1988, Higher School sì kú díẹ̀díẹ̀. Níbí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Wọ́n yọ ọdún méjì kúrò láàárín ìwé mẹ́wàá àti Yunifásítì, ohun tí wọ́n sì fi dí i kò tó. Ìsinmi oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ni ó wá gba iṣẹ́ náà. Ọdún méjì di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nínú òjò Warri.

Ẹni tó bá gbé ìlú yìí nígbà náà yóò rántí. Gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì, kíláàsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a yá, ilé tí kò tíì ní òrùlé tán. Àwọn ọmọ ń gbé bẹ́ǹṣì wá láti ilé. Bí òjò bá fi dé sórí páànù, a ó dákẹ́, nítorí kò sí ẹni tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì. Mo gbádùn iṣẹ́ náà, n kò ní parọ́. Àwọn ọmọ tó wá fúnra wọn ní ìsinmi, ojú wọn máa ń tàn.

Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí a ṣe. Lẹ́yìn 1986 tí ètò SAP dé, owó oṣù olùkọ́ kò ra nǹkan mọ́, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó wọlé. Owó lẹ́sìnnì ni ó ń bọ́ ilé mi. Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀kọ́ pamọ́. Bí mo bá ń kọ́ lọ́gárídímù ní kíláàsì, n ó kọ́ ìdajì, n ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ ìyókù wá bá mi ní lẹ́sìnnì. Ọmọkùnrin kan wà, ìyá rẹ̀ ń ta àkàrà nítòsí ọjà Igbudu. Kò lè san owó, nítorí náà ó máa ń dúró lẹ́bàá fèrèsé, á gbé ìwé rẹ̀ lé ara ògiri, á sì máa kọ. Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, nítorí bí mo bá pè é wọlé, àwọn yòókù á ní kí n dá owó wọn padà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta kò wá mọ́. N kò mọ ibi tó wà lónìí.

Wàhálà Warri ti 1997, ti 1999 àti ti 2003 tún gba àkókò lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ìgbà yẹn ni “miracle centre” gbilẹ̀, níbi tí òbí ti ń sanwó kí wọ́n bá ọmọ ṣe ìdánwò. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ọ̀kan. Èsì rẹ̀ kò jáde títí dòní. Ní 2005, Yunifásítì tún gbé ìdánwò tiwọn dìde lẹ́yìn ti JAMB, lẹ́sìnnì tiẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀. Ní 2013 JAMB gbé kọ̀ǹpútà dé, nígbà tó fi di 2015 kò sí ti pẹ́ńsù mọ́, wọ́n sì ṣí lẹ́sìnnì kọ̀ǹpútà. Ìgbàkígbà tí ìjọba bá yí nǹkan padà, òbí ni ó ń sanwó ìyípadà náà.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1965 ní Amẹ́ríkà, nígbà ìjọba Lyndon Johnson, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Upward Bound. Àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga tí òbí wọn kò lówó ni wọ́n kó lọ gbé inú Yunifásítì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ìwé kíkọ àti sáyẹ́ǹsì. Ìjọba ni ó sanwó. Ọmọ tí ì bá dúró lẹ́bàá fèrèsé gan-an ni wọ́n lọ wá.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, mo ní kí a ṣí gbọ̀ngán. Owó tí a ń pín fún àwọn òbí, olùkọ́ bíi tèmi ni ó ń gbà á lọ. Kí lẹ́sìnnì tiwa jẹ́ ọ̀fẹ́, kì í ṣe fún ọmọ Yorùbá nìkan, nítorí ọmọ Itsekiri, ti Urhobo àti ti Ijaw tí wọ́n bá àwọn ọmọ wa jókòó ní kíláàsì ni wọn yóò jọ ṣe ìdánwò. Kí a má fi ìbéèrè àtijọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìdá, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó pé, àti kíka ìwé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni kí a fi oṣù Keje ṣe. Ìbéèrè àtijọ́ lè dúró di oṣù Kẹjọ. Àwọn tó ń bọ̀ wá láti kíláàsì SS1 ni kí a kọ́kọ́ gbà, nítorí ẹni tó bá dúró di ọdún ìdánwò ti pẹ́.

Mo ti ka àwọn olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì láàárín wa: ìṣirò méjì, Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, físíìsì ọ̀kan. Kò sí ti kẹ́místrì. Ẹni tó bá mọ ẹnì kan, kí ó bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ lónìí kí a tó túká. Bẹ́ǹṣì tí a ní kò ju ti ọmọ 40 lọ, páànù gbọ̀ngán sì ń jò ní ọwọ́ ibi tí pátákó ìkọ̀wé yóò wà.