Ìtumọ̀ ‘Gbọ́’ Nínú Ẹ̀rí Ìtàn: Àpẹẹrẹ láti Ìjẹ́gun-Ẹ̀gbá

Ọ̀rọ̀-ìṣe ‘gbọ́’ kì í ṣe ti etí nìkan. Etí ni a fi ń gbọ́ ìró, imú ni a fi ń gbọ́ òórùn. Ẹni tí ó sì gbọ́ èdè ti lóye rẹ̀. Èdè Tọ́kì náà ní irú rẹ̀: ‘duymak’ wà fún ìró, ó wà fún òórùn.

Ìṣòro òpìtàn wà nínú ‘mo gbọ́ pé’. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 (1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde), gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ fún ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀. Àgbọ́sọ nìyẹn, ohun tí ojú òun fúnra rẹ̀ rí yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ní Ìjẹ́gun-Ẹ̀gbá, ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí àwọn àgbá ńláńlá tí a ń rọ epo sí wà nítòsí ilé, ẹni tí ó wí pé ‘mo gbọ́ òórùn epo’ kò sọ àhesọ. Imú rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Bí akọ̀wé bá wá kọ ọ́ pé ‘ó gbọ́ nípa epo’, ó ti sọ ẹ̀rí onílé di àgbọ́sọ. Nítorí náà, kí olùwádìí kọ́kọ́ béèrè ohun tí a fi gbọ́, kí ó tó béèrè ohun tí a gbọ́.